Herbert Macaulay: Aṣáájú Òṣèlú tí Kò Jókòó ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin

Ìfáàrà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé ta ni Herbert Macaulay, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé òun ni baba òṣèlú Nàìjíríà. Oyè náà tọ́ sí i, ṣùgbọ́n oyè nìkan kò tó láti fi kọ́ ọmọdé ní ìtàn. Aṣáájú yìí kò fi ìgbà kankan jẹ́ aṣojú tí a dìbò yàn sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Níbo ni agbára rẹ̀ ti wá? Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ayé Rẹ̀

Ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá, ọdún 1864 ni a bí Macaulay ní Èkó. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní CMS Grammar School tí a dá sílẹ̀ ní 1859. Ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1890, ìjọba amúnisìn rán an lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Plymouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó padà dé ní 1893, ó sì di òṣìṣẹ́ tí ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1898. Ìmọ̀ tí ó kọ́ lọ́dọ̀ ìjọba ni ó wá fi bá ìjọba wọ̀jà.

Ẹjọ́ Ilẹ̀ Àpápá

Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ tí wọ́n ni ilẹ̀ ní Èkó. Ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ yìí sọ pé àbójútó ni tirẹ̀, pé kò lè gba iye owó tí ó tọ́ sí onílẹ̀. Macaulay bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èkó. Ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council, tí í ṣe òpin ẹjọ́ nígbà náà, dá Olúwa láre. Wọ́n ní bí Ọba Dòsùnmú ṣe fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú lórí ilẹ̀ wọn rẹ́.

Ìṣẹ́gun náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ ní Lọ́ńdọ̀nù nípa ipò Ọba Èṣùgbàyí Eléko bí ìjọba nínú. Wọ́n lé Ọba náà lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925, kò sì padà wálé títí di 1931.

Ẹgbẹ́ Òṣèlú àti Àwọn tí Kò Ní Ìbò

Òfin ìjọba ti 1922 fún Èkó ní aṣojú mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un tó £100 lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò. Ní 1923, Macaulay dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì gba gbogbo ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun fúnra rẹ̀ kò lè díje, nítorí ilé-ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi ní 1913. Ó tún ṣẹ̀wọ̀n ní 1928. Síbẹ̀, àwọn ìjòyè, àwọn Mùsùlùmí àti àwọn obìnrin ọjà tí Alímọ́tù Pẹlẹ́wùrà jẹ́ aṣáájú wọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìbò, ṣùgbọ́n wọ́n ní ohùn.

Àléébù ẹgbẹ́ náà ni pé kò kúrò ní Èkó, àwọn ọ̀dọ́ inú Nigerian Youth Movement sì borí rẹ̀ ní 1938. Macaulay tún àṣìṣe yìí ṣe ní 1944, nígbà tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún NCNC, tí Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé. Ó ti di ẹni ọdún 79. Ní 1946, wọ́n ń kiri orílẹ̀-èdè láti tako òfin Richards. Àìsàn kọlù ú ní Kánò, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 7, oṣù karùn-ún.

Ìkádìí

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ogún Macaulay ni pé ó so ọ̀mọ̀wé pọ̀ mọ́ ìjòyè àti ìyálọ́jà nínú ìjà kan náà. Ó yẹ kí olùkọ́ tí yóò kọ́ni ní ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹjọ́ Àpápá, kí ó sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé: ta ni òfin 1922 gbàgbé, báwo ni wọ́n sì ṣe mú kí ìjọba gbọ́ ohùn wọn? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí ti mọ ìdí tí a fi fún un ní oyè baba òṣèlú.