Gáàsì AC Kì í Tán, Jíjò Ló Ń Jò

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti kòkòrò tó ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń kó ìrè oko wa lọ sí ọjà ni, pàápàá AC inú píkọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹnìkan lè bi wá pé, "Àgbẹ̀ wo ló ń wá AC kiri?" Ẹ jẹ́ kí a wo ohun mẹ́ta. Èkínní, nígbà òjò, bí ọkọ̀ bá há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ láàrin Ketu àti Mile 12, ìkùukùu máa ń bo gíláàsì iwájú láti inú. AC ló ń tètè gbẹ ẹ́ kí awakọ̀ lè ríran. Èkejì, awakọ̀ tó ti wà nínú ooru láti Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn, oorun á máa kùn ún lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: AC tó ń jò lè dá ọkọ̀ dúró pátápátá. Nínú àwọn píkọ́ọ̀pù kan, bẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń yí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ AC àti pọ́ńpù tó ń gbé omi kiri inú ẹ́ńjìnnì. Bí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ bá gan nítorí àìsí ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀tì á já, ẹ́ńjìnnì á hó, tòmátì tó yẹ kó dé Mile 12 láàárọ̀ á sì rà sínú apẹ̀rẹ̀. Owó gbogbo ẹgbẹ́ ló rà yẹn.

Àmọ́ kí ẹ mọ̀ pé AC iwájú ọkọ̀ kò ṣe ẹrù ẹ̀yìn ní oore kankan. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e láti fi gbé oògùn àjẹsára adìẹ. Inú kúlà tó ní yìnyín ni ti ìyẹn.

BÍ AC ṢE Ń ṢIṢẸ́

Gáàsì inú AC kò dà bí epo bẹntiróòlù. Epo ń jó tán, ṣùgbọ́n gáàsì yìí kì í jó lọ. Gáàsì kan náà ló ń yí po láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, tí bẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì ń yí, ló ń fún un mọ́ra títí yóò fi gbóná janjan. Láti ibẹ̀ ni yóò ti wọ kọ̀ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀. Atẹ́gùn á fẹ́ sí i, ooru ara rẹ̀ á dín kù, á sì di olómi. Yóò gba inú díráyà kọjá, èyí tó ń sẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ tó sì ń fa ọ̀rinrin kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ojú ihò tóóró kan, tí à ń pè ní fáàfù, já sínú kọ́ìlì tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ó ti já sí gbalasa lójijì, ara rẹ̀ á tutù, á sì máa fa ooru inú ọkọ̀ mọ́ra. Fáànù á wá fẹ́ atẹ́gùn tútù náà sí wa, gáàsì á sì padà sí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀.

Ọ́ìlì ń bá gáàsì yìí rìn. Òun ni kò jẹ́ kí irin inú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ máa ha ara wọn. Bí gáàsì bá jò, ọ́ìlì a máa bá a jáde. Bí gáàsì bá sì kéré, ọ́ìlì tó kù kì í padà dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Lóòótọ́, AC tó dá ṣáṣá náà lè dín díẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nítorí gáàsì ń rọra yọ́ gba ara róbà. Ṣùgbọ́n èyí tó ń fẹ́ gáàsì tuntun ní oṣooṣù, ó ń jò ni. Bí ẹnìkan bá sọ pé, "Bàbá, gáàsì yín ti tán, ẹ jẹ́ kí n fi kún un," ẹ bi í pé, "Níbo ló gbà jáde?" Ẹni tó bá ń da gáàsì sínú AC tó ń jò, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọn omi.

Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Láàrin ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ra gáàsì sínú píkọ́ọ̀pù tí mo fi ń bẹ àwọn àgbẹ̀ wò. Nígbà tí ẹnìkan wá fi ọṣẹ wò ó, róbà kékeré kan tó rí bí òrùka, lẹ́yìn kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ló ti gbẹ tó sì sán. Owó róbà náà kò tó ìdá kan nínú owó tí mo ti dà nù.

ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀ PÉ Ó Ń JÒ

Bí ó bá ń tutù dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n rọ gáàsì, tí òtútù náà sì ń dín lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó ń jò. Bí ẹ bá ń gbọ́ "kán, kán" tí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ń mú tó sì ń jáwọ́ léraléra, gáàsì lè ti kéré. Bí kò bá tilẹ̀ mú mọ́ rárá, ó lè jẹ́ pé gáàsì ti lọ tán, tí suwíìṣì tó ń dáàbò bò ó sì ti pa á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so wáyà suwíìṣì náà pọ̀ kí ó lè ṣiṣẹ́ tipátipá. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ni ẹ fẹ́ pa yẹn.

Omi tó ń kán sábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí AC wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe jíjò. Ọ̀rinrin inú atẹ́gùn ló di omi lára kọ́ìlì. Bí omi náà bá ń dà sí ẹsẹ̀ wa nínú ọkọ̀, ọ̀nà tó yẹ kó gbà jáde ló dí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n là á.

WÍWÁ OJÚ IBI TÓ TI Ń JÒ

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ibi tí ọ́ìlì ti rin, tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ojú ọgbẹ́ sábà máa ń wà. Ibi mẹ́fà ni kí ẹ yẹ̀ wò:

1. Gbogbo oríkèé páìpù, níbi tí róbà òrùka wà.
2. Họ́ọ̀sì róbà, pàápàá èyí tó sún mọ́ ibi gbígbóná tàbí tó ń ha ara irin.
3. Kọ̀ńdẹ́ńsà iwájú. Òkúta ọ̀nà oko ń lù ú, ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn sì ń jẹ ẹ́.
4. Iwájú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀. Bí ọ́ìlì bá ta yíká ibẹ̀, róbà ìdí ọ̀pá rẹ̀ ló ti jẹ.
5. Ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì. Fáàfù kékeré bíi ti táyà wà níbẹ̀, ìdérí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sọnù.
6. Kọ́ìlì ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Òun ló ṣòro jù láti rí. Bí ọ́ìlì bá ń bá omi tó ń kán jáde, ẹ fura sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kó hó dáadáa, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún sí àwọn oríkèé. Ibi tó bá ń wú bíi fèrè ọmọdé, ibẹ̀ ló ti ń jò. Ṣùgbọ́n ọṣẹ kò lè fi nǹkan kan hàn bí gáàsì bá ti lọ tán. Nígbà náà, mẹkáníìkì AC ni yóò fi náítírójìn wú u kó tó kùn ún lọ́ṣẹ.

Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi ọ́síjìn tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin wú u láéláé. Bí ọ́síjìn bá pàdé ọ́ìlì nínú agbára bẹ́ẹ̀, ó lè bú gbàmù, kó sì pa ènìyàn.

RÍRA Ẹ̀YÀ NÍ OWÓDÉ ONÍRIN

Ojú ọ̀nà Ìkòròdú ni ọjà Owódé Onírin wà, bí a bá ti kọjá Mile 12 láti Ketu. Orúkọ rẹ̀ ti sọ irú ọjà tó jẹ́. Irin ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀yà ọkọ̀ náà sì pọ̀ níbẹ̀ lọ súà, tuntun àti tòkunbọ̀. Àgbẹ̀ tó bá ti já ẹrù sí Mile 12 lè yà síbẹ̀ kó tó padà sóko. Àmọ́ kí ó mọ ohun tó fẹ́ rà.

Ẹ mú ẹ̀yà àtijọ́ dání kí ẹ fi wé tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ ra kọ̀ńdẹ́ńsà tòkunbọ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti jó o rí, bóyá ọ̀rá dúdú wà lára rẹ̀, bóyá ẹnu páìpù rẹ̀ sì wà ní dídé. Kí ẹ bẹ olùtajà kó jẹ́ kí wọ́n fi náítírójìn wú u, kí wọ́n sì rì í sínú omi lójú yín kí owó tó kúrò lápò.

Ẹ má ṣe ra díráyà tòkunbọ̀ rárá, bó ti wù kó dára lójú. Oògùn inú rẹ̀ dà bí iyọ̀ tí a gbàgbé sí ìta. Láti ìgbà tí ẹnu rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí ló ti ń fa ọ̀rinrin mu, kò sì lè fa òmíràn mọ́. Bákan náà, róbà òrùka ti AC ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ti páìpù omi. Èyí tí wọ́n sábà máa ń lò fún gáàsì òde òní jẹ́ aláwọ̀ ewé.

Àwọn kan á sọ pé kí ẹ fi gọ́ọ̀mù dí kọ̀ńdẹ́ńsà, tàbí kí ẹ da oògùn adíhò sínú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù kì í pẹ́ tí yóò fi ṣí nínú agbára gáàsì, oògùn adíhò sì lè dí fáàfù. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ yọ AC náà dànù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

BÍ ÀTÚNṢE ṢE GBỌDỌ̀ TẸ̀LÉ ARA WỌN

1. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa gáàsì tó kù sínú sìlíńdà. Kí wọ́n má tú u sínú afẹ́fẹ́.
2. Kí wọ́n pààrọ̀ ohun tó ń jò. Róbà òrùka tuntun ni kí wọ́n lò níbi gbogbo tí wọ́n bá tú, kí wọ́n sì fi ọ́ìlì AC pa á lára kó tó wọlé.
3. Kí wọ́n fi díráyà tuntun sí i. Ìgbà tí gbogbo nǹkan bá ti tò tán ni kí wọ́n tó ṣí ẹnu rẹ̀.
4. Kí wọ́n dá ọ́ìlì tó ti ṣòfò padà, irú èyí tó bá gáàsì náà mu.
5. Kí wọ́n fi pọ́ńpù fa gbogbo atẹ́gùn àti ọ̀rinrin jáde, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Kí wọ́n wá ti géèjì, kí ẹ sì jọ máa wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ọwọ́ géèjì bá ń gòkè, ó ṣì ń jò, tàbí ọ̀rinrin ṣì kù níbẹ̀. Ẹ má tíì ra gáàsì.
6. Kí wọ́n fi ìwọ̀n rọ gáàsì gẹ́gẹ́ bí iye gíráàmù tí wọ́n kọ sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá pọ̀ jù, kò ní tutù dáadáa, ó sì lè ba kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ jẹ́.

Ìpele karùn-ún ni ọ̀pọ̀ ń fò. Ọ̀rinrin tó bá kù á dì bíi yìnyín sí ẹnu fáàfù, á sì di ásíìdì tí yóò máa jẹ irin láti inú.

GÁÀSÌ WO NI TI ỌKỌ̀ YÍN?

Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe kí nǹkan bí 1994 tó dé, R-12 ni wọ́n ń lò. Gáàsì yìí ń ba ìpele òsónù jẹ́, èyí tó wà lókè tó ń gba ìtànṣán olóró oòrùn mọ́ àwa àti ohun ọ̀gbìn wa lórí. Nítorí rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè fi ṣe àdéhùn ní ìlú Montreal ní 1987. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 1988, àsìkò tí wọ́n sì dá fún irú orílẹ̀-èdè tiwa láti jáwọ́ nínú R-12 pé ní 2010. R-134a ló rọ́pò rẹ̀ nínú ọkọ̀. Òun kì í ba òsónù jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mú ayé gbóná gidigidi bí ó bá jò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n tún fi pinnu ní Kigali ní 2016 láti máa dín irú rẹ̀ kù.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti R-12, a kì í da R-134a lé e lórí bẹ́ẹ̀ lásán. Ọ́ìlì àtijọ́ kò bá a rìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ da ọ́ìlì náà nù, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ róbà òrùka àti díráyà, kí wọ́n sì kọ orúkọ gáàsì tuntun náà sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Agolo tí a kò tíì ṣí ni kí ẹ rà, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Ní 2011, ayédèrú R-134a wọ inú ẹ̀rọ àwọn àpótí ńlá tí ọkọ̀ ojú omi fi ń kó oúnjẹ tútù. Àwọn kan bú gbàmù, òṣìṣẹ́ sì kú ní Vietnam àti Brazil. Gáàsì ìdáná náà kì í ṣe ti AC ọkọ̀, iná ló ń fà.

Bákan náà, kí wẹ́dà má jó páìpù tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí iná ń sọ ọ́ di èéfín olóró. Ẹni tó bá ń tú oríkèé, kó bo ojú rẹ̀, kó sì wọ ìbọ̀wọ́, nítorí gáàsì tó bá tú jáde lè dì mọ́ ojú tàbí ara.

KÍ A RÁNTÍ

Ẹ máa tan AC fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, kódà nígbà òtútù, kí ọ́ìlì lè máa dé ara róbà. Ẹ máa fi omi fífẹ́lẹ́ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára kọ̀ńdẹ́ńsà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó ní ọkọ̀ àpapọ̀, kí akọ̀wé máa kọ ọjọ́ tí wọ́n rọ gáàsì, iye rẹ̀, àti ohun tí wọ́n pààrọ̀. Bí ìwé bá fi hàn pé a ti rà á lẹ́ẹ̀mejì láàrin oṣù mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má san ẹ̀ẹ̀kẹta títí wọn yóò fi fi ibi tó ti ń jò hàn yín.

Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ihò tí a bá tètè dí kì í gba owó púpọ̀.