Òkè àkọ́kọ́ fún ọmọ tó dàgbà sí Maiduguri

Ìpàdé oṣù tó kọjá ti parí, a ti ń kó àga jọ, nígbà tí bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa pè wá sí kọ̀rọ̀, wọ́n sì na fóònù wọn sí wa. Ọmọ wọn obìnrin, tí gbogbo wa jọ tọ́ ní Wulari níbí, tó sì ti ń kàwé ní Scotland láti September, ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. "Dádì, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gun Ben Nevis ní Easter o. Òkè tó ga jù ní gbogbo Britain ni!" Inú ọmọ ń dùn ṣìnkìn. Bàbá ní kí a sọ òótọ́ fún àwọn: ṣé nǹkan tó yẹ kéèyàn bẹ̀rù ni, àbí kí àwọn kàn gbàdúrà, kí àwọn sì fi owó bàtà ránṣẹ́?

Kò sí ẹni tó lè dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Níbo la ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ilẹ̀ Maiduguri tẹ́ bí ẹní. Òkè tó sún mọ́ wa jù ni ti Gwoza, ẹ sì mọ ohun tó ń wá sọ́kàn ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn níbí. August 2014 ni Boko Haram gba ìlú náà, March 2015 ni àwọn ṣọ́jà tó gbà á padà, inú àwọn òkè Mandara yẹn sì ni wọ́n ń sá pamọ́ sí. Lọ́dọ̀ tiwa, òkè kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ wa ò fi ní ohun tó máa fi wé èyí tó fẹ́ lọ gùn.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. A bi àwọn ará wa tó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Man O' War ní Shere Hills, a bi àwọn ọmọ wa tó ti pẹ́ ní Glasgow àti Edinburgh, a sì kàwé díẹ̀ pẹ̀lú. À ń kọ ọ́ síbí torí pé kì í ṣe ilé bàbá yìí nìkan ló ní ọmọ lókè òkun.

Gíga òkè náà ló kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà. Ben Nevis ga tó 1,345 mítà. Ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín: "Ṣebí Shere Hills ju bẹ́ẹ̀ lọ!" Òótọ́ ni, orí Shere Hills tó nǹkan bí 1,800 mítà. Àmọ́ ìlú Jos fúnra rẹ̀ ti wà lókè tó nǹkan bí 1,200. Mọ́tò ló ti bá yín gun èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Fort William, níbi tí wọ́n ti ń gbéra lọ sí Ben Nevis, etí òkun ló wà. Ẹsẹ̀ ọmọ yín ló máa gun 1,345 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ òkè fún yín, ẹ má béèrè bó ṣe ga tó. Ẹ béèrè iye mítà tó wà láàárín ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn àti orí rẹ̀.

Ẹ wá béèrè wákàtí. Ará Scotland kan tó ń jẹ́ William Naismith fi ìṣirò kan lélẹ̀ ní 1892 tí wọ́n ṣì ń lò títí dòní: nǹkan bíi wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún, kí ẹ wá fi wákàtí kan kún un fún 600 mítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gùn. Àlọ àtàbọ̀ Ben Nevis, ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà, tó kìlómítà 17. Ẹ ṣírò ó, ó lé ní wákàtí márùn-ún ààbọ̀, láì jókòó, láì jẹun, láì ya fọ́tò. Ẹni tí kò gun òkè rí máa lo wákàtí méje sí mẹ́sàn-án. Ìyẹn nígbà tí kò bá sí yìnyín nílẹ̀ o.

Yìnyín gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní April, òdòdó ti ń yọ nísàlẹ̀, àwọn ọmọ ti ń bọ́ súẹ́tà. Àmọ́ fún gbogbo 1,000 mítà tí èèyàn bá gùn, ooru á fi nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 dín kù. Tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 10, orí Ben Nevis á wà ní nǹkan bí 1, kí afẹ́fẹ́ tó dá sí i. Ọyẹ́ January tó ń la wá létè níbí, ọ̀rẹ́ ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Yìnyín, tí àwọn ọmọ ń pè ní sinó, máa ń wà lórí òkè náà títí di May, nígbà míì ó ń wọ June.

Yìnyín ìgbà yẹn kì í dúró sójú kan. Lóru, ó ń dì gbagidi. Láàárọ̀, ó le, ó ń dán bíi gíláàsì. Ẹni tó bá yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò ní dúró títí á fi kan àpáta. Nígbà tí oòrùn bá mú un, á rọ̀ bí ògì, ẹsẹ̀ á máa rì dé orúnkún, bàtà á kún fómi, ìrìn wákàtí kan á di méjì. Níbi tí òkè bá ti dà gẹ̀rẹ́ jù, odindi òkìtì rẹ̀ lè já wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó wá bà wá lẹ́rù jù nìyí: afẹ́fẹ́ máa ń gbá yìnyín jọ sí etí ọ̀gbun, á wá yọ síta bí páànù ilé ṣe ń yọ kọjá ògiri. Ẹni tó dúró lórí rẹ̀ á rò pé ilẹ̀ ló wà lábẹ́ òun. Bẹ́ẹ̀, ìhà àríwá Ben Nevis, ọ̀gbun tó jìn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà ni. Ìkùukùu sì máa ń bo orí òkè náà lọ́pọ̀ ọjọ́ lọ́dún. Ilẹ̀ funfun, òfuurufú funfun, ojú ọ̀nà ti bò: ẹni tí kò mọ máàpù àti kọ́ńpáàsì lò ò ní mọ ibi tó kọjú sí.

Irin eléyín kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ bàtà, wọ́n sì ń mú àáké kékeré kan dání. Ọmọ yín lè sọ pé, "Dádì, a máa háyà ẹ̀ ni." Ó dáa. Ta ló máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi àáké yẹn dá ara wọn dúró nígbà tí wọ́n bá ń yọ̀ lọ? Kì í ṣe ohun téèyàn ń kọ́ lọ́jọ́ tó nílò rẹ̀.

Èrò tiwa ni pé kó má lọ sí Ben Nevis ní Easter yìí. A ò ní kó má gun òkè o. Arthur's Seat wà nínú ìlú Edinburgh gan-an, 251 mítà péré. Ó dà bí Olúmọ fún ará Abẹ́òkúta, èèyàn lè gùn ún lẹ́yìn kíláàsì. Lẹ́yìn ìyẹn, Conic Hill wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Loch Lomond, 361 mítà, ìrìn wákàtí méjì sí mẹ́ta. Tó bá di June, kó gbìyànjú Ben Lomond, 974 mítà. Ben Nevis ò ní sá lọ. Ní July tàbí August, pẹ̀lú ẹni tó ti dé ibẹ̀ rí, kó máa lọ.

Kódà Conic Hill, kó má fi jíǹsì lọ: tó bá tutù, kì í gbẹ bọ̀rọ̀, òtútù rẹ̀ ń wọ egungun. Kó wo ohun tí Mountain Weather Information Service bá sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwa tí a rí ohun tí omi Alau ṣe fún wa níbí ní September 2024 ò gbọ́dọ̀ tún máa fi ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ṣeré. Kó sọ fún ẹnì kan nílé ibi tó lọ àti aago tó máa dé. Òtútù máa ń tètè pa bátìrì fóònù, nítorí náà kó mú fèrè bíi ti rẹfirí dání: fífọn mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, kó sinmi ìṣẹ́jú kan, kó tún fọn. Tí ọ̀rọ̀ bá le, 999 ni, kó ní ọlọ́pàá lòun fẹ́, kó wá ní mountain rescue. Àwọn ọmọ wa kan sọ fún wa pé ẹ̀rù owó ló máa ń bà àwọn láti pè. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣe é, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

A ò kọ èyí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tán. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àwa bíi mẹ́jọ láti ibí lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Àkúrẹ́. Ọjọ́ méjì la fi wà lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì ìnáwó, a ní kí a lọ wo Òkè Ìdànrè. March ni, aago méjìlá ọ̀sán ti lù, ìrẹsì àríyá ṣì wúwo nínú wa, ìgò omi mẹ́ta péré la mú. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. A ò tíì dé ìdajì tí òòyì fi kọ́ ọ̀kan nínú wa, ó jókòó, kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó wà níwájú ò tiẹ̀ mọ̀, ó ti sáré lọ fi hàn pé ọkùnrin lòun. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ló fún wa lómi. Àwa fúnra wa la jẹ̀bi. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó lọ́ra jù la ń fi síwájú, a sì ń dá aago tí a máa yí padà kí a tó kúrò nílé, à báà dé orí òkè, à báà má dé e.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ní àwọn náà fẹ́ gun òkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ Gwoza. Chappal Waddi ní Taraba ló ga jù ní Nàìjíríà, 2,419 mítà, àmọ́ inú igbó Gashaka-Gumti ló wà, ìrìn ọjọ́ mélòó kan ni; òkè àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn. Shere Hills ni a fara mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ìgun-òkè ti Citizenship and Leadership Training Centre wà níbẹ̀, àwọn tó mọṣẹ́ ló ń kọ́ni. Ìtàn wọn dùn: 1951 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Man O' War Bay, létí òkun nítòsí Victoria, tó ń jẹ́ Limbe lónìí ní Cameroon, wọ́n sì ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gun Òkè Cameroon tó ga ju 4,000 mítà lọ. Ní àsìkò òmìnira, nígbà tí apá ibẹ̀ yà kúrò lára wa, ni wọ́n kó o wá sílé. November sí February ló dáa jù, bí ọyẹ́ tilẹ̀ ń bo ojú. Tó bá ti di April, àrá ti ń sán, orí àpáta kì í sì í ṣe ibi téèyàn ń dúró sí nígbà yẹn. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà Jos ṣe rí lọ́sẹ̀ náà.

Bàbá ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ. Ọjọ́ méjì ni kò fi dáhùn. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ti gbà, Conic Hill ni wọ́n máa lọ, àmọ́ owó bàtà ń kọ́, Dádì?