Láti Àpápá dé Paradise City

Ẹni tó bá ti ṣe agẹ́ǹtì rí ní wọ́ọ̀fù Àpápá mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹrù lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó wà nínú kọ̀ǹtẹ́nà. Ìwé á ní bàtà ni. Àwọn aṣọ́bodè á já èdìdì, ilẹ̀kùn á ṣí, gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ á dákẹ́. Ta ló kó o wọlé? Ta ló buwọ́ lùwé? Ta ló mọ̀ tí kò sọ? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí náà ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi ń rìn káàkiri àgbáyé. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìwé James Hadley Chase, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn, kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bí orúkọ àwọn títì Amẹ́ríkà inú rẹ̀ kò bá tiẹ̀ yé e.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì ọdún 1975. Ìjọba ológun ti bá àwọn oníṣòwò òkè òkun ṣe àdéhùn nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ èyí tí èbúté Èkó lè já sílẹ̀ láàárín ọdún kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Ọkọ̀ ojú omi tó ju 400 lọ wá tò sẹ́nu òkun, wọn ò ríbi gúnlẹ̀ sí. Gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá fi dúró ni ìjọba ń san dẹ́mọ́rèèjì, ìyẹn owó ìdúró, lé e lórí. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́kọ̀ kan fi rí i pé owó ìdúró ju owó ẹrù lọ, ni wọ́n bá ń rán ọkọ̀ ògbólógbòó, tí òmíràn yẹ kó ti di irin àlòkù, wá sí Èkó kó wá jókòó kó máa pawó. Sìmẹ́ǹtì ń gan mọ́ inú ọkọ̀, owó ìlú ń lọ. Ìdààmú yìí ló jẹ́ kí wọ́n sáré kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní 1977. Àwọn tó buwọ́ lu ìwé àdéhùn wọ̀nyẹn, àwọn tó ta wọ́n lólobó, àwọn tó pín nínú rẹ̀: ìtàn ńlá ni, etí ilé wa ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1970 yẹn náà àti 1980, ìwé Chase gbòde ní Nàìjíríà ju ti ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé lọ. Wọ́n ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi èyí tí wọ́n ti kà tán gba èyí tí wọn ò tíì kà, tíṣà sì ń gbà á lọ́wọ́ wọn nítorí àwòrán obìnrin oníhòòhò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí àwọn ọmọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn ń rí i lórí fóònù, wọ́n sì ń béèrè ohun tí bàbá wọn béèrè.

Apá ibo ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i? Kò sí apá ibẹ̀ tí wọ́n ti bí i. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni Chase, ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1906 ni wọ́n bí i, René Raymond sì ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ó ti kiri ìwé tà láti ojúlé dé ojúlé, ó sì tún ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń pín ìwé fún ilé ìtàwé, kó tó di òǹkọ̀wé. Ẹni tó bá ń ta ìwé á mọ ohun tí ọjà ń béèrè: ìtàn àwọn jàǹdùkú Amẹ́ríkà làwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń wá. Ó kọ No Orchids for Miss Blandish, ó jáde ní 1939, ọjà sì gbà á. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ó wà lára ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá ó kó lọ sí Faransé, ó tún ti ibẹ̀ lọ sí Switzerland, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù Kejì ọdún 1985.

Ó kọ ìwé tó tó nǹkan bí 90, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì jẹ́ ìtàn Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀, kò gbé ibẹ̀ rí. Ìbẹ̀wò ráńpẹ́ ló ṣe síbẹ̀. Máàpù ló ń tẹ́ sórí tábìlì, pẹ̀lú ìwé tó ń túmọ̀ ẹnà àwọn ọmọ ìta Amẹ́ríkà. Ó á fi ìka tọ títì kan lórí máàpù, ó á fi ilé ọtí kan síbẹ̀, ó á fi ọlọ́pàá kan sí ìkòríta, òǹkàwé tó wà ní Boundary ní Ajégúnlẹ̀ á sì máa rò pé òun mọ Miami ju Ìkòròdú lọ. Àṣà yìí kó o sí wàhálà nígbà kan: Raymond Chandler, ọ̀gá nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kàn án pé ó jí gbólóhùn òun kó sínú ìwé kan, Chase sì ní láti tọrọ àforíjì ní gbangba. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó fi máàpù ṣe jẹ́ ohun tí ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé gbọ́dọ̀ rò dáadáa. Ẹni tí kò tẹ ilẹ̀ kan dáadáa sọ ọ́ di ilé fún àìmọye ènìyàn. Àwa tí a fi ẹsẹ̀ mọ Wharf Road àti Creek Road ní Àpápá, tí a mọ ibi tí omi ń dárogún sí àti ibi tí àwọn ọlọ́pàá ń dúró sí lálẹ́, kí la ti kọ?

Wọ́n tún máa ń béèrè ibi tí Paradise City wà. Ẹ má wulẹ̀ wá a lórí máàpù, kò sí níbẹ̀. Chase ló tẹ̀ ẹ́ dó sí etí òkun Florida, kò jìnnà sí Miami, ó sì kó àwọn olówó kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú olówó kì í dá dúró. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé wọn, ẹni tó ń gbé ọtí fún wọn ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹni tó ń já ẹrù wọn, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ríbi sùn, Secomb sì ni Chase fi wọ́n sí. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé Secomb fún un. Láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Àpápá ti ní ibùgbé tirẹ̀ fún àwọn ọ̀gá, pẹ̀lú igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì àti odi gíga. Ajégúnlẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù gbà lọ, Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ́, Urhobo, Igbo, wọ́n há mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń jí lọ síbi iṣẹ́, èkejì ń ti ibi iṣẹ́ dé. Nígbà tí ọlọ́pàá Paradise City bá ń wá afurasí, Secomb ni wọ́n kọ́kọ́ ń darí mọ́tò sí. Ẹni tó gbé Ajégúnlẹ̀ mọ bí ìyẹn ṣe ń rí lára.

Ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá náà ni Frank Terrell, Joe Beigler ni igbákejì rẹ̀, ṣùgbọ́n Tom Lepski ni mo fẹ́ràn jù. Oníbìínú ni, ó ń wá ìgbéga lójú méjèèjì. Carroll, ìyàwó rẹ̀, máa ń lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń fi bọ́ọ̀lù gíláàsì ríran, ọtí whisky ọkọ rẹ̀ ló sì ń gbé lọ fi san owó àyẹ̀wò. Lepski á fara ya nítorí ọtí rẹ̀, kò ní gba ọ̀rọ̀ ìyá náà gbọ́. Nígbà tí ẹjọ́ bá yanjú, á wá hàn pé òótọ́ ni ìyá àgbà ń sọ. Àwọn alárìíwísí òyìnbó lè ka èyí sí eré. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìwé náà ti súnmọ́ wa jù.

Ní ti bí èèyàn ṣe máa to ìwé Chase kà, kò pọn dandan kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti 1939. Ẹni tó bá wù yín nínú àwọn èèyàn inú ìwé náà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹni tó ń ṣòwò ní wọ́ọ̀fù á gbádùn Steve Harmas, ẹni tí iléeṣẹ́ ìńṣọ́ránsì ń rán lọ wádìí bóyá òótọ́ ni òfò tí oníbàárà ní ó ṣe òun. Àwọn tó ti rí i bí wọ́n ṣe ń yẹ àpò ìrẹsì tó rin omi wò kí wọ́n tó san owó mọ iṣẹ́ yẹn. The Double Shuffle tó jáde ní 1952 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Mark Girland ni amí Amẹ́ríkà tó fìlú Paris ṣe ibùgbé, owó àti obìnrin ló sì ń tì í kiri. Ìwé mẹ́rin ló ní láàárín 1965 sí 1969. Èyí àkọ́kọ́, This Is for Real, gbé e dé Dakar ní ilẹ̀ Senegal, ìyẹn ni pé Chase dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí pẹ̀lú máàpù rẹ̀. Ẹ kà á, kẹ́ ẹ sì fi ojú ara yín wo bó ṣe yàwòrán wa. Helga Rolfe nìkan ni mo máa ní kẹ́ ẹ tò kà: An Ace Up My Sleeve, The Joker in the Pack, I Hold the Four Aces. Ìgbésí ayé obìnrin olówó yìí ń yí padà láti ìwé kan sí èkejì, ẹni tó bá fi ìkẹyìn ṣe àkọ́kọ́ á ti ba ìtàn jẹ́ fún ara rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì rí ìwé àlòkù tí wọ́n kọ Raymond Marshall sí lára, ẹ má dá a padà. Chase náà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn olè inú ìwé rẹ̀ kì í fi í jẹ owó tí wọ́n jí? Nínú The World in My Pocket, wọ́n jí ọkọ̀ onírin tó gbé mílíọ̀nù kan dọ́là, wọ́n tì í sínú ilé alágbèérìn tí mọ́tò ń fà, wọ́n sì kó ara wọn pamọ́ sáàárín àwọn tó wá gbafẹ́. Owó wà níwájú wọn, ilẹ̀kùn irin kò ṣí. Ọjọ́ ń lọ, ìfura ń wọ àárín wọn, ikú ń tẹ̀ lé e. Chase mọ̀ pé jíjí owó kì í ṣe gbogbo ìtàn. Ohun tí owó ń sọ àwọn tó jí i dà ni ìtàn. Kọ́lá Akínlàdé, tó kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní èdè wa, fi Owó Ẹ̀jẹ̀ ṣe àkọlé ìwé rẹ̀ kan. Ọ̀nà kan náà làwọn méjèèjì tọ̀.

Àwọn òbí máa ń béèrè bóyá ọmọ lè ka ìwé Chase. Mi ò ní fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Chase ń lo obìnrin bí ohun èlò nínú ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀, ìyà tó fi jẹ wọ́n sì máa ń pọ̀ ju ohun tí ìtàn béèrè lọ. George Orwell ti bá ìwé Miss Blandish wí lórí ìwà ìkà rẹ̀ ní 1944. Èèyàn dúdú kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí iyì nínú àwọn ìwé náà; nínú The Vulture Is a Patient Bird, Áfíríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju igbó àti ẹranko lọ. Àgbàlagbà tó mọ èyí tẹ́lẹ̀ lè kà á kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ìtàn. Ọmọdé lè gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Ṣé àwa náà ní irú rẹ̀? A ní i, ó sì ti pẹ́. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, ó sì fi Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ló ń wá àwọn ọ̀daràn nínú méjèèjì, Yorùbá tó sì ń sọ kò ní ẹlẹ́gbẹ́: àwàdà, èébú, òwe àti ọgbọ́n ìta, gbogbo rẹ̀ ń dà gìrìgìrì. Ní 1977 ni Macmillan bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé Pacesetters ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, The Smugglers tí Kalu Okpi kọ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde. Leye Adenle ti mú Amaka, agbẹjọ́rò obìnrin kan, la Èkó já nínú Easy Motion Tourist ní 2016 àti When Trouble Sleeps ní 2018, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì náà. Ó dùn mí pé ìwé tí Lápàdé ní kò pọ̀, nígbà tí Terrell àti Lepski ń ṣiṣẹ́ láti ìwé dé ìwé. Òǹkàwé tó bá fẹ́ràn ènìyàn kan nínú ìwé máa ń fẹ́ tún un pàdé, iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé wa kò sì tíì fi ìyẹn ṣòwò bó ṣe yẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé Chase, ẹ wá Àjà Ló Lẹrù lọ́nàkọnà, kẹ́ ẹ kà á kí oṣù yìí tó parí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń kọ ìtàn sórí fóònù, ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo: agẹ́ǹtì tó rí ohun tí kò yẹ kó rí, obìnrin aṣọ́bodè tí kò gba rìbá, tàbí awakọ̀ táńkà tó ń sùn sábẹ́ mọ́tò rẹ̀ ní Mile 2. Ẹ fi Yorùbá kọ ọ́. Bí ìwé kìíní bá tán, ẹ má pa á. Ẹ kọ èkejì, ẹ kọ ẹ̀kẹta.