Ẹ Bèèrè Oorun Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Bèèrè Ọ̀tá Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lẹ́ẹ̀kan yìí kò dùn mọ́ mi nínú, torí èmi gan-an ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá bá mi láti ìhà Iléṣà. Wọ́n ti fi okùn dè é lọ́wọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn ìyá bàbá òun láti inú ògiri, pé ìyá náà ló ń rán kòkòrò sí òun lábẹ́ awọ. Ó ti fi èékánná ha apá rẹ̀ títí ó fi di egbò. Ìyá tí à ń wí yìí wà níbẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ tó bí ò sì fẹ́ jókòó tì í mọ́. Mo gbọ́ ẹjọ́ wọn tán, mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi Ifá léèrè ọ̀tá. Ẹni tó bá lọ béèrè ọ̀tá, ọ̀rọ̀ ọ̀tá náà ni etí rẹ̀ yóò máa wá kiri. Ẹnu mi sọ ọ́ pé ọwọ́ ará ilé wà nínú rẹ̀. Ìyá náà gbọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni àbúrò ọmọ náà lobìnrin wá kúnlẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Bọ̀ọ̀dá mi ò tíì sùn láti bí ọjọ́ márùn-ún kí a tó wá. Ice ni wọ́n ń fà."

Mi ò béèrè! Gbogbo ohun tí mo bi wọ́n léèrè, mi ò bi wọ́n pé ìgbà wo ló sùn gbẹ̀yìn. Nígbà tó sùn, tó jẹun, tí kò rí ice fà fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń béèrè ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ìyá ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ ní Ìbòkun. Kò padà wá sílé ọkọ rẹ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ohun tó jẹ́ kí n wá ìdí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Mo lọ bá àwọn tó kàwé jù mí lọ, mo sì ka èyí tí agbára ìwé mẹ́wàá mi gbé.

Ice yìí, methamphetamine ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Àwọn ará ilẹ̀ Íbò ló ń pè é ní mkpuru mmiri. Kì í ṣe ewé, kò jọ igbó tí wọ́n ń gbìn sóko. Kẹ́míkà ni wọ́n ń pò. Nagai Nagayoshi, ará Japan, ló kọ́kọ́ pò ó ní ọdún 1893. Nígbà ogun Hitler, wọ́n fún àwọn sójà Jámánì àti ti Japan kí oorun má baà kùn wọ́n. Ogun parí, oògùn ṣẹ́kù, wọ́n tà á fún ará ìlú Japan, wèrè sì pọ̀ nígboro débi pé ìjọba ibẹ̀ fi òfin dè é ní ọdún 1951. Ní tiwa, ọdún 2011 ni NDLEA kọ́kọ́ rí ibi tí wọ́n ti ń pò ó ní Èkó. Ní ọdún 2016 wọ́n ká òmíràn tó tóbi gan-an mọ́ Asaba, àwọn ará Mexico mẹ́rin sì wà lára àwọn tí wọ́n mú. Ìwádìí ìjọba tó jáde nípa ọdún 2018 sọ pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan, ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù tiwa ló sì le jù. Igbó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ice ṣì kéré. Ṣùgbọ́n kékeré náà ti dé ilé mi.

Báwo ló ṣe ń sọ ènìyàn di wèrè? Ohun kan wà nínú ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní dopamine. Òun ló ń sọ fún wa pé nǹkan báyìí ṣe pàtàkì, kọ ojú sí i. Bí ice bá wọlé, á tú u sílẹ̀ bí omi tó ya ìdídò. Gbogbo nǹkan á wá di pàtàkì. Ẹni méjì ń rẹ́rìn-ín ní òdìkejì títì, èmi ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ajá gbó, ó ní ohun tó ń sọ. Ẹ wá fi àìsùn ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún lé e. Ẹni tó bá sún mọ́ aláìsàn jù, tó ń gbé oúnjẹ fún un, tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, òun ló máa ń di ọ̀tá lójú rẹ̀. Nílé àwa Yorùbá, ta ni ó máa jẹ́ bí kò ṣe ìyá?

Àwọn oníṣègùn òyìnbó náà ṣi irú rẹ̀ mú rí. Ní ọdún 1958, dókítà kan ní London, P. H. Connell, kọ̀wé nípa aláìsàn 42 tí amphetamine, ẹ̀gbọ́n ice, dà lórí rú. Àìsàn wọn jọ wèrè tó máa ń báni kalẹ́, àfi pé nígbà tí oògùn kúrò lára wọn, orí ọ̀pọ̀ wọn pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní Australia, wọ́n tọ ènìyàn 278 tó ń lo ice lẹ́yìn, èsì rẹ̀ jáde ní 2013. Ẹnì kan náà ni wọ́n ń fi wé ara rẹ̀: oṣù tí kò fọwọ́ kàn án àti oṣù tó lò ó. Ní oṣù tí wọ́n sinmi, nǹkan bí ẹni méje nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìran tàbí gbọ́ ohùn tàbí rò pé wọ́n ń lé òun. Ní oṣù tí wọ́n lò ó gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń padà bọ̀ sípò o. Bó bá kọjá oṣù kan tí kò lọ, a jẹ́ pé ó lè ní àìsàn mìíràn nínú, pàápàá bí irú rẹ̀ bá ti wà nínú ìdílé. Àwọn dókítà Japan tún rí i pé ẹni tí orí rẹ̀ ti pé, bó bá fọwọ́ kan díẹ̀ péré lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó lè tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó parí sí.

Ní 2021, àwọn ìlú kan nílẹ̀ Íbò ń na àwọn ọ̀dọ́ tó ń fà á ní gbangba. Mo rí fídíò rẹ̀. Ẹni tó ti gbà pé gbogbo ayé ń lépa òun, tí a wá kó ẹgba bò ó, ṣé a ò ti jẹ́ kí ohun tó ń rò di òótọ́?

Awo àgbà kan bá mi jiyàn pé, ṣé òyìnbó la ó wá máa gbé ṣáájú Ifá ni? Mo ní rárá. Àwọn baba wa mọ asofẹ́yẹjẹ fún wèrè kí dókítà ọpọlọ kankan tó dé ilẹ̀ yìí. Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1960. Ohun tó wà nínú rẹ̀, reserpine, máa ń dín dopamine yẹn kù. Ṣùgbọ́n ó tún máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, bí a bá sì dà á pọ̀ mọ́ oògùn ọsibítù láìsọ fún dókítà, ènìyàn lè dákú. Ẹ̀yin tó ń gún un, ẹ gbọ́ o.

Lambo ti bá àwọn oníṣègùn wa ṣiṣẹ́ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954. Lásìkò tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó aláìsàn 307 tí orí wọn dàrú, ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana. Ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ti àwọn wòlíì ni wọ́n wà. Ní apá kan, nọ́ọ̀sì ń wá síbẹ̀ pẹ̀lú oògùn, tí oníṣègùn náà sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní apá kejì, bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí nọ́ọ̀sì ń wá bá yá ju tàwọn yòókù lọ dáadáa. The Lancet gbé e jáde ní 2020. Wọn kì í ṣe aláìsàn ice nìkan, ṣùgbọ́n ilé wa ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe London.

Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ dé báyìí, n ò ní mú ọ̀pẹ̀lẹ̀. Màá lé èrò sẹ́yìn, màá pe ẹnì kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí àwọn òbí kì í mọ̀. Ọjọ́ wo ló sùn? Kí ló ń fà? Bí ara rẹ̀ bá gbóná gan-an, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tàbí gìrì ń mú un, ọsibítù ni kíá: ti UNIOSUN wà l'Óṣogbo níbí, Wesley Guild wà n'Íléṣà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì ni màá kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Lẹ́yìn náà, yàrá tó dákẹ́, omi, oúnjẹ, oorun. A ò dè é, a ò nà án. Ohunkóhun tó bá sọ nípa ìyá tàbí ìyàwó rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, n kì í gbé e síwájú Ifá. Ìgbà tí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀ la tó ń bọ orí rẹ̀, tí a sì ń béèrè ohun tó gbé e débi ice.

Ọmọ Iléṣà yẹn ń ṣe káfíńtà báyìí. Ó padà sídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ méjì péré, ohùn inú ògiri sì tún dé. Àbúrò rẹ̀ ló gbé e lọ sí ọsibítù ná, kó tó gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ kẹta. Nígbà tí mọ́tò dúró níwájú ilé, ó ti sùn sẹ́yìn ọkọ̀. A ò jí i.