Ta Ló Ni Ògiri Tí À Ń Kọ̀wé Sí?

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé iṣẹ́ kan tí olú ilé rẹ̀ wà ní San Francisco ní Amẹ́ríkà nígbà náà pa ọ̀rọ̀ ààrẹ orílẹ̀-èdè wa rẹ́. Ilé iṣẹ́ náà ni Twitter, tí wọ́n ń pè ní X báyìí. Ààrẹ ìgbà náà ni Muhammadu Buhari. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba kéde láti Abuja níbí pé àwọn ti ti Twitter pa ní gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì wà ní praimari nígbà náà, ohun tí a rántí kò sì ju pé gbogbo àwọn àgbà ilé ń sọ VPN, VPN. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń jiyàn ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá lórí bóyá ó yẹ kí ẹni tó ni ìkànnì máa pa ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lò ó rẹ́, mo rí i pé ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń dà pọ̀ mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí n tú u bí ó ṣe yé mi.

Nígbà yẹn, àwọn kan ń dáná sun ọ́fíìsì INEC àti àgọ́ ọlọ́pàá ní apá gúúsù ìlà-oòrùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, Buhari kọ ọ́ sórí Twitter pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń hùwà burúkú yìí kéré jù láti mọ bí ẹ̀mí ṣe ṣòfò tó nígbà ogun abẹ́lé, àti pé àwọn tó wà lójú ogun náà fún oṣù 30 yóò fi èdè tó yé wọn bá wọn lò. Ogun Biafra ló ń wí, 1967 sí 1970. Òun fúnra rẹ̀ jà á. Ẹni tó bá mọ ìdílé kan tí ogun náà pa èèyàn wọn á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ígbò gbà á bí ìhàlẹ̀, wọ́n sì fẹjọ́ sun Twitter. Twitter ní ó ta ko òfin tí àwọn ṣe lórí fífi ọ̀rọ̀ ni ẹlòmíràn lára, ó pa á rẹ́, ó sì ti ojú ewé ààrẹ pa fún wákàtí 12. Facebook náà yọ ọ̀rọ̀ kan náà kúrò lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù náà, Lai Mohammed tó jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn àti àṣà kéde pé ìjọba ti dá Twitter dúró, kò sì dá ọjọ́ tó máa padà. Ó ní àwọn èèyàn ń lò ó láti ṣe ohun tó lè tú Nàìjíríà ká. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé orí Twitter gan-an ni ilé iṣẹ́ mínísítà náà gbé ìkéde yìí sí. Ó dà bíi kéèyàn dúró lórí àga kó máa kéde pé òun ti gbé àga náà sọnù. Lọ́jọ́ kejì, àjọ NCC pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù bíi MTN àti Airtel, wọ́n sì dí ọ̀nà. Abubakar Malami tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba ní kí wọ́n gbé ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń lò ó lọ sílé ẹjọ́.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn wa ti dojú rú. Àwọn kan ní, "Ṣebí Twitter ló kọ́kọ́ fi òmìnira du ààrẹ? Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fúnra wọn." Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo pátákó ìkéde tó wà lẹ́nu ọ̀nà dáínìn họ́ọ̀lù. Bí o bá lẹ ìwé mọ́ ọn láìjẹ́ pé tíṣà fọwọ́ sí i, wọ́n á já a. Ó lè dùn ẹ́, ṣùgbọ́n o ṣì lè sọ ọ̀rọ̀ náà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, o lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà sílé, o sì lè mú un wá sípàdé ẹgbẹ́ Yorùbá. Abala 39 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sọ pé olúkúlùkù ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò tirẹ̀, láti gba ìròyìn àti láti fi í fún ẹlòmíràn láìsí ìdíwọ́. Abala kan náà tún sọ pé olúkúlùkù ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọ̀nà ìtan-ìròyìn-kálẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi di dandan kí ìwé ìròyìn tẹ gbogbo lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí i. Òfin mọ ẹni tó ń kọ̀wé, ó sì mọ ẹni tó ni ògiri.

Ohun tí ààrẹ pàdánù ni ìlà díẹ̀ lórí ògiri kan. Ó ní NTA, ó ní rédíò, ó ní agbẹnusọ. Ẹni tó ń ta bàtà lórí Twitter kò ní NTA. Ká ní àwọn tó ń bójú tó ọjà Wuse lé oníṣọ̀ọ́bù kan jáde torí pé ó ń halẹ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n lè ṣe é dáadáa, wọ́n sì lè ṣe é ní ìwọ́sí, a lè bá wọn fà á. Àmọ́ bí ìjọba bá wá torí oníṣọ̀ọ́bù yẹn kó sójà dí gbogbo ẹnu ọ̀nà ọjà, alátà àti aláṣọ tí wọn ò mọ nǹkan kan nípa ìjà náà ló máa jìyà.

Mi ò sọ pé onílé kì í ṣe àṣejù o. Ògiri Twitter tóbi ju ti dáínìn họ́ọ̀lù lọ fíìfíì, bí wọ́n bá lé ẹ kúrò níbẹ̀, àárín èrò ni wọ́n lé ẹ kúrò. Kí wá ni àwọn tó ń kọ̀wé sí ògiri lè ṣe fún ẹni tó ni ín? Ìtàn kan wà tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa ní junior. Ó lọ́jú pọ̀ díẹ̀, torí kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀.

Gbogbo wa la ní àgádágodo lẹ́nu lọ́kà. Bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ ti nǹkan pa, kì í lo irin, ìṣirò ló ń lò. Á da ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán rú títí kò fi ní ní ìtumọ̀ kankan mọ́, nọ́ńbà kan báyìí ló sì máa tò ó padà. Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́, ètò yìí ni wọ́n sì ń pè ní encryption. Bí WhatsApp ṣe ń ti ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí wa ń fi ránṣẹ́ pa nìyẹn láti ọdún 2016: fóònù ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ti ẹni tó gbà á nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù náà ṣe irú àgádágodo yìí, wọ́n pè é ní AACS, wọ́n fi ti dísìkì HD DVD àti Blu-ray pa kí àwọn èèyàn má bàa máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 32, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 09 F9. Bí o bá ní kó o máa méfò rẹ̀, iye ìgbà tó o lè ní láti dán an wò jẹ́ nọ́ńbà tó gùn tó dígíìtì 39. O ò lè parí ẹ̀ láyé ńbí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó méfò. Ẹ̀rọ tó ń fi fíìmù hàn gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kó tó lè ṣí i, nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, ẹnìkan tú mémórì kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò nígbà tí fíìmù ń lọ lọ́wọ́, ó sì bá kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, ta ló máa ń ta àpótí fúnni, tó máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sínú ilé ẹni tó rà á, tó wá máa retí pé onítọ̀hún ò ní rí i?

Ìkànnì kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Digg. Àwọn tó ń lò ó ló ń mú ìròyìn wá, àwọn náà ló ń dìbò fún èyí tó máa wà níwájú. Àwọn agbẹjọ́rò AACS kọ̀wé sí oríṣiríṣi ìkànnì pé kí wọ́n yọ nọ́ńbà náà, pé ó ta ko òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1998. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2007, Digg bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́, ó sì lé àwọn kan jáde. Ni ilé bá gbiná! Bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀kan rẹ́ ni àwọn èèyàn ń gbé òmíràn sí i, títí ojú ewé àkọ́kọ́ fi kún fún nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Kevin Rose, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Digg sílẹ̀, juwọ́ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ fi nọ́ńbà náà ṣe àkọlé ohun tó kọ, ó ní àwọn ò ní pa á rẹ́ mọ́, ohun tó bá tẹ̀yìn ẹ̀ yọ kó yọ.

Wọ́n fi nọ́ńbà yẹn kọrin. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára T-shirt. Ẹnìkan tiẹ̀ sọ ọ́ di àsíá aláwọ̀ márùn-ún, torí gbogbo àwọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ló ní nọ́ńbà tirẹ̀: bí o bá ka nọ́ńbà àwọn àwọ̀ náà tẹ̀ léra, kọ́kọ́rọ́ lò ń kà yẹn, ó wá ku C0 tí wọ́n kọ sí igun àsíá. Ta ló fẹ́ fi òfin de àwọ̀? Èmi, ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù.

Ohun tí àwọn èèyàn Digg ń sọ ni pé nọ́ńbà lásán ni, kò sẹ́ni tó lè ni nọ́ńbà. Mo fẹ́ràn ìtàn wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè bá wọn sọ ìyẹn. Nọ́ńbà lásán náà ni NIN, dígíìtì 11 péré. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative sọ pé ìkànnì kan ń ta NIN àti ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 100 náírà, owó tí kò lè ra mííti páì kan. NIMC, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Wuse níbí, ní kò sẹ́ni tó já wọ ibi tí àwọn kó o pa mọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹnìkan bá kọ NIN ìyá mi sára ògiri, tó ní òmìnira ọ̀rọ̀ lòun ń lò, màá fẹ́ kí onílé ti pa á rẹ́ kí n tó ka eéjì.

Ìyàtọ̀ tí mo rí rèé. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ AACS jáde, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún àwọn dísìkì tuntun. (Kò pẹ́ tí tuntun náà fi jáde, ìyẹn ni tiwọn.) Ìyá mi ò lè pààrọ̀ NIN rẹ̀, nọ́ńbà kan náà ló máa lò títí ayé. Ohun tí 09 F9 ń ṣọ́ ni ọjà tí wọ́n ti tà fúnni, NIN ń ṣọ́ èèyàn. Nítorí náà, mi ò lè sọ pé kí onílé má pa nǹkan kan rẹ́ láé. Ohun tí mo lè bi í ni pé ṣé o ti sọ òfin rẹ fún wa tẹ́lẹ̀, ṣé o sọ ìdí, ṣé a sì lè bá ọ fà á bí a bá rò pé o ṣe àṣìṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Twitter. Bí wọ́n ṣe dí ọ̀nà yẹn ni àwọn èèyàn sá lọ bá VPN. Ká ní fóònù rẹ wà ní Garki, VPN á ti ọ̀rọ̀ rẹ pa sínú encryption tí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ò lè ṣí, á gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà kan ní ìlú mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti ṣí i tí wọ́n á mú un lọ fún Twitter. Ẹ ò rí nǹkan? Irú àgádágodo tí àwọn onífíìmù fi ti aráàlú mọ́ta náà ni aráàlú wá fi gba abẹ́ ìjọba kọjá.

Àwọn mìíràn gba ilé ẹjọ́ lọ. SERAP àti ọmọ Nàìjíríà 176 pe ìjọba lẹ́jọ́ ní Ilé-ẹjọ́ ECOWAS, tó wà ní Abuja níbí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 2021, ilé-ẹjọ́ náà ní kí ìjọba má fìyà jẹ ẹnikẹ́ni torí pé ó lo Twitter, títí ẹjọ́ á fi parí. Ìjọba ṣí Twitter padà ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022, lẹ́yìn ọjọ́ 222, nígbà tí Twitter gbà láti forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà kó sì máa san owó orí. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún yẹn, ilé-ẹjọ́ dájọ́ pé títì tí wọ́n tì í pa kò bófin mu, ó sì ní irú ẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ Buhari tí Twitter pa rẹ́ ńkọ́? Àwọn ìwé ìròyìn tó sọ pé wọ́n pa á rẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Ibẹ̀ ni mo ti kà á.