Lẹ́búlẹ́bú: Orúkọ Rẹ̀, Ìlò Rẹ̀ àti Ewu Rẹ̀

Ohunkóhun tí a bá gún tàbí tí a bá lọ̀ títí ó fi kúnná ni Yorùbá ń pè ní lẹ́búlẹ́bú. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí ń sọ bí nǹkan ti rí ni, kò sọ ohun tí ó jẹ́. Nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀.

Ìyẹ̀ ni gbòǹgbò kan. Lára rẹ̀ ni a ti rí ìyẹ̀fun tí a fi ń se oúnjẹ, àti ìyẹ̀rosùn, èyí tí ó ti ara igi ìrosùn wá, tí àwọn babaláwo ń lò lórí ọpọ́n. Àgúnmu fi iṣẹ́ àti ìlò rẹ̀ hàn nínú orúkọ: ohun tí a gún, tí a sì ń mu. Àtíkè ni ti ara àti ojú. Ẹ̀tù ni ti ìbọn. Páúdà tí a yá lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìtàn tirẹ̀ pẹ̀lú: láti inú èdè Látìn ni ó ti gba èdè Faransé kọjá, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni eruku. Ọ̀rọ̀ náà ni ó wà nínú Bíbélì Látìn ní Jẹ́nẹ́sísì 3:19, níbi tí a ti rán Ádámù létí ohun tí a fi mọ ọ́n.

Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kò ṣe aláìmọ agbára ẹ̀tù. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní December 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò níbẹ̀, ó sì wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní saltpetre ni a pò pọ̀ ṣe ẹ̀tù náà. Bí a bá bu ẹ̀tù, èédú lílọ̀ àti tìróò sínú àwo mẹ́ta, dúdú ni gbogbo wọn. Ojú lásán lè ṣì wọ́n mú. Níbí ni ewu lẹ́búlẹ́bú wà: ìgbà tí nǹkan bá ti kúnná tán, kì í fi orísun rẹ̀ hàn mọ́.

Ẹ wo láfún. Obìnrin tí ó rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó sá a, oró inú rẹ̀ a ti jáde lọ. Èyí tí ó kánjú lè ní ìyẹ̀fun tí ó funfun bákan náà, ṣùgbọ́n oró ṣì wà nínú rẹ̀.

Tìróò ni ó yẹ kí àwọn ìyá ọmọ kíyèsí jùlọ. Òkúta tí òjé wà nínú rẹ̀ ni a sábà máa ń lọ̀ fún un. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí a ń lé tìróò fún. Nàìjíríà ni tìróò náà ti wá. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ tí ó jẹ́ òjé. Ọmọ a fi ọwọ́ nu ojú, a sì fi ọwọ́ náà sí ẹnu. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, eruku òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀, tí a fi ẹ̀rọ ìlọkà lọ̀ ní agboolé, pa ọmọdé tí ó lé ní 400.

Nítorí náà, kí a má ṣe lé tìróò fún ọmọdé. Kí a má ṣe gbọn àtíkè sí ojú ọmọ ọwọ́, nítorí ó lè fà á símú kí ó sì ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Kí oògùn kòkòrò tí a ń fi sí àgbàdo má ṣe wọ inú agolo oúnjẹ, kí ẹ̀tù sì jìnnà sí ààrò. Kí a kọ orúkọ sí ara ìgò gbogbo. Lẹ́búlẹ́bú tí a kò bá mọ ohun tí a gún ṣe é, kí a má fi sí ẹnu, kí a má sì fi sí ojú.