Ìtumọ̀ ‘Ṣóòkù’ àti Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Àtijọ́ Tí Kò Tètè Ṣíná Láàárọ̀

Bí atúmọ̀-èdè bá pe ṣóòkù ní ‘adènà-epo’, ó ti ṣi ẹni tí ń wá àìsàn ọkọ̀ lọ́nà. Afẹ́fẹ́ ni ṣóòkù ń dín kù. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ Volkswagen oníkábúrétọ̀ tí a mọ̀ sí ‘Ìjàpá’ ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, díẹ̀ ni ó ń di oru nínú bẹntiróòlù. Ṣóòkù a wá pa ọ̀nà afẹ́fẹ́ dé kí epo lè pọ̀ sí i nínú àpòpọ̀ wọn. Bí iná mànàmáná bá ti mú sípíríǹgì rẹ̀ gbóná, a tún ṣí.

Àìsàn rẹ̀ pín sí méjì:

(i) Àìtó epo: ṣóòkù kò padé nígbà òtútù, ẹ́ńjìnnì kò tètè dáhùn.

(ii) Àpọ̀jù epo: ṣóòkù kò ṣí mọ́; èéfín dúdú ń jáde, plọ́ọ̀gì sì dúdú.

Bí ṣóòkù bá ń ṣiṣẹ́ tí epo kò sì dé kábúrétọ̀, pọ́ǹpù, asẹ́ àti ọ̀pá epo ni kí a yẹ̀ wò.

‘Adín-afẹ́fẹ́-kù’ ni ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ó sàn ju ‘adènà-afẹ́fẹ́’ lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣì ń kọjá.